Ìbejì Ọdún 1995: Ọgbọ̀n Ọdún Jọ́nà Ìṣègùn Ọ̀nà Jíjìn

Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan dé sí Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ ní Telemedicine Journal. Èkejì dé sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sọ ọ́ ní Journal of Telemedicine and Telecare. Iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe kò yàtọ̀: kí wọ́n máa tẹ ìwádìí jáde lórí ìṣègùn ọ̀nà jíjìn, ìyẹn ni kí dókítà tó wà ní ìlú kan máa tọ́jú aláìsàn tó wà ní ìlú mìíràn nípasẹ̀ tẹlifóònù, fídíò, ímeèlì tàbí sátẹ́láìtì. Lọ́dún 2025 ni wọ́n pé ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ̀wé lórí ẹ̀rọ tó mú irú ìṣègùn yìí ṣeé ṣe. Ìwọ̀nba ló ti sọ̀rọ̀ àwọn tó jókòó ti ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń bi í pé, “Ṣé lóòótọ́ lo ṣiṣẹ́?” Àwọn olóòtú àti àwọn olùgbéyẹ̀wò ni mo ń wí, ìtàn tiwọn sì ni mo fẹ́ sọ.

Kí wọ́n tó bí wọn

Àlá dókítà inú ẹ̀rọ ti pẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1924, ìwé ìròyìn Radio News ní Amẹ́ríkà ya àwòrán dókítà tó ń wo aláìsàn láti inú rédíò sí iwájú ìwé rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kò tíì wọ ilé ẹnikẹ́ni nígbà náà. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ pàápàá mọ̀ pé àlá ni, wọ́n fi “Bóyá!” parí àkọlé rẹ̀.

Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ni àlá náà ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ní 1959, Dókítà Cecil Wittson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifíṣọ̀n tó ń gbọ́ tó sì ń fèsì bá àwọn alárùn ọpọlọ sọ̀rọ̀. Nígbà tó di 1964, wọ́n ti so ara wọn mọ́ ilé ìwòsàn Norfolk tó jìnnà sí wọn tó máìlì 112. Ní nǹkan bí ọdún 1968, Dókítà Kenneth Bird ní Boston so ilé ìwòsàn Massachusetts General mọ́ pápákọ̀ òfuurufú Logan. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn rárá, àmọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí dókítà tètè débẹ̀. Ará Èkó yóò mọ ohun tí Bird rí. NASA náà ṣe tirẹ̀ láàrin àwọn ẹ̀yà Papago, tí wọ́n ń pè ní Tohono O'odham lónìí, ní aginjù Arizona. Ọkọ̀ ńlá kan tó gbé ẹ̀rọ X-ray ń kiri abúlé, ó sì ń fi ohun tó bá rí ránṣẹ́ sí àwọn dókítà nílé ìwòsàn.

Owó ìjọba ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń rìn. Owó tán, iṣẹ́ tán. Ẹ̀rọ di ohun tí wọ́n kó sí yàrá ẹ̀yìn, àwọn dókítà padà sídìí iṣẹ́ wọn àtijọ́. Ohun tó dunni jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ fọ́n káàkiri. Ẹni tó ṣe ìwádìí lórí àwòrán X-ray kọ ọ́ sí ìwé àwọn onírédíọ́lọ́jì, ẹni tó ṣe tiẹ̀ lórí àrùn awọ ara kọ ọ́ sí ìwé àwọn oníṣègùn awọ, onímọ̀ ẹ̀rọ sì kọ tirẹ̀ sí ibi tí dókítà kì í yà sí. Rashid Bashshur ti Yunifásítì Michigan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú láti kó ọ̀rọ̀ náà jọ sínú ìwé kan ní 1975, àmọ́ ìwé kan kò lè ṣe iṣẹ́ jọ́nà tó ń jáde lóòrèkóòrè.

Ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó àwọn ìlú Armenia ní oṣù Kejìlá ọdún 1988 ló tún jí ọ̀rọ̀ náà dìde. Amẹ́ríkà àti ìjọba Soviet, tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú, fohùn ṣọ̀kan pé kí NASA fi sátẹ́láìtì so àwọn dókítà Amẹ́ríkà mọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó fara pa. Nígbà tí ètò náà fi máa parí ní 1989, kò sí ẹni tó tún lè sọ pé eré ọmọdé ni ìṣègùn ọ̀nà jíjìn.

1995: ọdún ìkúnlẹ̀

Ní 1993, àwọn oníṣègùn àti onímọ̀ ẹ̀rọ dá ẹgbẹ́ American Telemedicine Association sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ní láti ní ohùn, ohùn àwọn ọ̀mọ̀wé sì ni jọ́nà. Ilé ìtẹ̀wé Mary Ann Liebert ní New York ló gbà á ṣe. Ìyá tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1980 mọ bí wọ́n ṣe ń gbin jọ́nà sórí ìmọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù: ti interferon ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni Telemedicine Journal kọ́kọ́ ń jáde.

Ní òdìkejì òkun, Richard Wootton, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Queen's ní Belfast, ni olóòtú tó dá ìbejì rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ti Royal Society of Medicine ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń tẹ̀ ẹ́. Irú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí jọ́nà náà máa gbà hàn nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde níbẹ̀ ní 1996. Ilé ìtọ́jú kékeré kan wà ní South Westminster, ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣètọ́jú ẹni tó fara pa díẹ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ ju agbára wọn lọ, wọn a tan fídíò, dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn Royal Victoria ní Belfast a sì bá wọn wò ó. Òkun wà láàrin aláìsàn àti dókítà. Àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ náà kò kàn sọ pé ó wù wọ́n, wọ́n dán an wò, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí.

Èrò ìdásílẹ̀ àwọn méjèèjì nìyẹn: kí ìwádìí rọ́pò ìpolówó. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ti pọ̀ nígbà náà, gbogbo wọn ló sì ń búra pé ọjà tiwọn ló máa gba ayé là.

Ta ni ojúgbà ẹni?

Ohun tó mú kí jọ́nà yàtọ̀ sí ìwé ìròyìn ni àyẹ̀wò ojúgbà. Kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ rẹ, wọ́n á fún àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kà, kí wọ́n wá ibi tó ti ń jò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ o. Nígbà tí Henry Oldenburg bẹ̀rẹ̀ Philosophical Transactions ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1665, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ìpinnu wà. The Lancet tí gbogbo ayé ń wárí fún lónìí, tó ti ń jáde láti 1823, ọdún 1976 ni wọ́n ń kà sí ìgbà tó sọ àyẹ̀wò ojúgbà di òfin.

Ìṣòro àwọn ìbejì wa tún ju èyí lọ. Nínú ìmọ̀ tuntun, ta ni ojúgbà? Oníṣẹ́ abẹ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wáyà. Onímọ̀ ẹ̀rọ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú aláìsàn. Ẹni tó mọ méjèèjì kò ju ìwọ̀nba lọ, wọ́n sì mọ ara wọn, wọ́n jọ ń lọ sípàdé kan náà, àwọn mìíràn jọ ń pín owó ìwádìí kan náà. Bí a bá fún ọ̀rẹ́ rẹ ní iṣẹ́ rẹ yẹ̀wò, ọ̀rẹ́ ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò rò pé èyíkéyìí nínú wọn bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí pátápátá ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ náà sì nira láti fi ọwọ́ ṣe. Lásìkò náà, ìwé ni òǹkọ̀wé ń tẹ̀ ní ẹ̀dà mélòó kan, tó ń fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Olóòtú á tún dì í, á fi ránṣẹ́ sí olùgbéyẹ̀wò. Olùgbéyẹ̀wò á kọ èsì rẹ̀, á fi fáàsì tàbí lẹ́tà dá a padà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: jọ́nà tó ń polongo pé kí àìsàn má dúró de ìrìnàjò, ìrìnàjò ni òun fúnra rẹ̀ ń dúró dè.

Orúkọ tuntun, ìjákulẹ̀ tuntun

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbòde, gbogbo nǹkan di “e-”. Ní 2001 ti Amẹ́ríkà yí orúkọ padà sí Telemedicine Journal and e-Health, ó sì tún gé e kúrú lẹ́yìn náà sí Telemedicine and e-Health. Bí ẹ bá wá a lónìí ní PubMed, àkójọ àpilẹ̀kọ ìṣègùn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgékúrú orúkọ àárín yẹn, Telemed J E Health, lẹ máa bá níbẹ̀ síbẹ̀.

Lára ohun tó dára jù tí àwọn jọ́nà yìí tẹ̀ nígbà náà ni iṣẹ́ tí kò náni ní owó ńlá. Lord Swinfen àti aya rẹ̀, Pat, dá àjọ aláàánú kan sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1998. Ní 1999 wọ́n so ilé ìtọ́jú àwọn arọ ní Savar, lẹ́bàá Dhaka ní Bangladesh, mọ́ àwọn dókítà àgbà ní òkè òkun. Kámẹ́rà dígítà kan, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gbé e lé, àti ímeèlì: gbogbo ohun èlò náà nìyẹn. Dókítà ní Savar yóò ya fọ́tò ẹsẹ̀ tàbí ti X-ray, yóò kọ ìtàn àìsàn náà, yóò fi ránṣẹ́, yóò sì dúró de èsì. Èsì ọdún àkọ́kọ́ ètò náà jáde nínú Journal of Telemedicine and Telecare ní 2001. Fún èmi, àpilẹ̀kọ kékeré bẹ́ẹ̀ sàn ju ogún tó ń yin ẹ̀rọ olówó iyebíye lọ, nítorí ilé ìwòsàn àdúgbò èyíkéyìí ní Ìjẹ̀bú tàbí Ìsẹ́yìn lè ṣe é lọ́la.

Àmọ́ ní 2002 ni ìwé ìbáwí dé. Pamela Whitten àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àpilẹ̀kọ 612 jọ tó sọ̀rọ̀ nípa owó tí ìṣègùn ọ̀nà jíjìn ń ná tàbí tó ń dá padà. Nínú 612 yìí, 55 péré ló ní ìṣirò owó gidi nínú. Nígbà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n ìwádìí tó péye yẹ àwọn wọ̀nyí wò, 24 ló yege. Ìpinnu wọn, tí jọ́nà BMJ tẹ̀ jáde, ni pé kò tíì sí ẹ̀rí tó dára pé àǹfààní ìṣègùn ọ̀nà jíjìn tó owó tí wọ́n ń ná sí i. Àwọn àpilẹ̀kọ tó ṣubú yìí kò ṣàdédé bọ́ láti ojú ọ̀run. Ojúgbà kan ti ka ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ìbáwí náà dé lákòókò tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọ̀rọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 1999 ni Medicare, ètò ìlera àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, ti ń sanwó fún ìwọ̀nba ìṣègùn ọ̀nà jíjìn ní ìgbèríko. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba sanwó ní láti mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí ọ̀hún sì kù díẹ̀ káàtó.

Ọdún ìṣirò

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ènìyàn méjì ló jọ jókòó lórí àga olóòtú àgbà Telemedicine and e-Health. Ronald Merrell jẹ́ oníṣẹ́ abẹ tó ti darí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ní Yale. Charles Doarn kì í ṣe dókítà. Ìmọ̀ ìṣòwò ló gboyè nínú rẹ̀, ó sì ti bá NASA ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn ìpín iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ń wo aláìsàn, èkejì ń wo ètò. Lábẹ́ wọn ni jọ́nà tó ń jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún di ẹlẹ́ẹ̀mẹfà, ó di ẹlẹ́ẹ̀mẹwàá, títí ó fi di olóṣooṣù. Ìwé títẹ̀ ránṣẹ́ di ohun ìtàn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń lọ. Ká ní dókítà kan ní Àkúrẹ́ fi tẹlifóònù tẹ̀ lé àwọn alẹ́jẹ̀ ríru rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó wá kọ ọ́. Yóò gbé e sí orí ìkànnì jọ́nà, yóò kọ ẹni tó fún un lówó ìwádìí àti ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i. Olóòtú ló máa kọ́kọ́ kà á. Bí kò bá bá jọ́nà mu, ó lè padà láàrin ọjọ́ díẹ̀, kò sì ní débi àyẹ̀wò rárá. Bó bá kọjá, olóòtú á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn tó máa kà á: ímeèlì á lọ, ẹlòmíràn á ní òun ò ráyè, ẹlòmíràn ò ní dáhùn, títí a óò fi rí méjì tàbí mẹ́ta. Ìbéèrè wọn kì í pẹ́ dé: àwọn mélòó ló sá kúrò nínú ìwádìí rẹ? Ta ló ń san owó dátà? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru náà bí o bá dákẹ́ ìpè? Òǹkọ̀wé á tún un ṣe, á dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùgbéyẹ̀wò tó gba kọ́bọ̀. Owó oṣù wọn ni pé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, jọ́nà á to orúkọ wọn sójú ewé kan, á ní ẹ ṣeun.

Ìparí ọdún ni olóòtú máa ń ṣe ìṣirò: àpilẹ̀kọ mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde, ọjọ́ mélòó ni ìpinnu ń gbà. Nọ́mbà kan wá borí gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní impact factor. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ká mú ohun tí jọ́nà tẹ̀ ní ọdún méjì tó kọjá, ká ka iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí i lọ́dún yìí, ká fi iye àpilẹ̀kọ náà pín in. Òṣùwọ̀n fún yíyan jọ́nà ni Eugene Garfield fi í ṣe níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ohun tí yunifásítì fi ń gbé olùkọ́ ga. Nínú èrò tèmi, ibí yìí ni èrò ìdásílẹ̀ ti ṣẹ́ kọ́nà díẹ̀. Jọ́nà tó wá bi ẹ̀rọ pé “ṣé o ṣiṣẹ́?” wá ń bi ara rẹ̀ pé “mélòó ló tọ́ka sí mi?”

Baba jọ́nà dá ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́

Wootton ti kúrò ní Belfast nígbà náà. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Queensland ní Brisbane, lẹ́yìn náà ní Tromsø ní àríwá Norway. Ní 2012 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó kó ìwádìí ogún ọdún jọ lórí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ márùn-ún: ikọ́ fée (asthma), àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ̀ ṣúgà, àìlera ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwádìí onífiwéra 141 ni, tó dán ọ̀nà ìtọ́jú 148 wò.

Nínú 148 yìí, 108 ló ní ìṣègùn ọ̀nà jíjìn ṣe dáadáa. Méjìdínlógójì ní kò sí ìyàtọ̀. Méjì péré ló ní ó burú.

Ẹ tún nọ́mbà yẹn wò. Nínú iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ṣe, ibo la ti rí kí méjì péré kùnà nínú 148? Wootton kò fi bò: ó ní ó jọ pé àwọn tó kùnà kì í dé ojú ìwé. Olùwádìí ò kọ ọ́, tàbí olóòtú ò fẹ́ ẹ, tàbí ojúgbà dá a nù. Ó tún tọ́ka sí i pé ọ̀pọ̀ ìwádìí náà kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ, bẹ́ẹ̀ àìsàn tí wọ́n ń wò lè bá ènìyàn dé sàréè. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, lójú tirẹ̀, kò lágbára, ó sì ń tako ara rẹ̀.

Mi ò rí ohun tó fi ìgboyà hàn ju èyí lọ nínú ìtàn ọgbọ̀n ọdún yìí. Kò wọ́pọ̀ kí olùdásílẹ̀ jókòó sínú ilé tó kọ́, kó máa sọ fún àlejò pé ògiri ibí yìí ti là. Àwọn ará Brisbane ní ọ̀nà tiwọn láti dojú kọ ọ́: ìpàdé kan wà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí wọ́n fi àṣeyọrí àti ìkùnà inú ìṣègùn ọ̀nà jíjìn ṣe orúkọ rẹ̀, jọ́nà náà sì ti tẹ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ láti ibẹ̀. Anthony Smith, tí òun náà jẹ́ ará Queensland, ló wá gba àga olóòtú.

2020

Lẹ́yìn náà ni kòrónà dé. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Medicare tú ọ̀pọ̀ okùn tó fi so ìṣègùn ọ̀nà jíjìn mọ́lẹ̀: kò pọn dandan mọ́ kí aláìsàn wà ní ìgbèríko, ó sì lè jókòó sílé rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bẹ̀bẹ̀ fún, àjàkálẹ̀ àrùn fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣe é. Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tètè kọ̀wé nínú jọ́nà tiwọn lórí ipa tí ìṣègùn ọ̀nà jíjìn lè kó nígbà pàjáwìrì àgbáyé. Ní Amẹ́ríkà, Bashshur, tó ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1975, pẹ̀lú Doarn àti àwọn mìíràn, kọ tiwọn nínú Telemedicine and e-Health.

Àpilẹ̀kọ ya wọlé bí omi. Dókítà tí kò tan kámẹ́rà rí kó tó di 2020 ti ní ìwádìí tó fẹ́ tẹ̀. Àwọn tó yẹ kó gbé e yẹ̀ wò sì wà ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn.

Lónìí

Ilé iṣẹ́ Sage, tí obìnrin mìíràn, Sara Miller McCune, dá sílẹ̀ ní 1965, ti kọ́kọ́ gba àwọn jọ́nà Royal Society of Medicine. Láìpẹ́ yìí ó tún ra ilé ìtẹ̀wé Mary Ann Liebert. Báyìí ni ìbejì tí wọ́n bí sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe di ọmọ ilé kan. Wọn ò tíì sọ wọ́n di ọ̀kan. Oníkálukú ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì ní olóòtú tirẹ̀.

Ìṣòro tuntun ni ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé. Láti 2023 ni ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn àgbáyé ti ní ẹ̀rọ kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé, àti pé olùgbéyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ ju iṣẹ́ ẹlòmíràn sínú ẹ̀rọ náà níbi tí àṣírí rẹ̀ kò ti dájú.

Ní tiwa, owó tó ń jẹ́ kí àpilẹ̀kọ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lè ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ, ẹ bi olùkọ́ yunifásítì ilẹ̀ wa bó ṣe máa san án. Láti kà á rọrùn díẹ̀: ètò Hinari tí àjọ WHO bẹ̀rẹ̀ ní 2002 ṣí ọ̀pọ̀ jọ́nà ìṣègùn sílẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, Nàìjíríà sì wà lára wọn.

Ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tó ń ka èyí, bí ímeèlì olóòtú bá dé pé kí ẹ bá òun yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́. Bí ẹ bá sì ti dán ìtọ́jú orí fóònù wò ní wọ́ọ̀dù yín tí kò ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.